Àrùn tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀ àti Ojúṣe Àwọn tí Ó Ṣẹ́kù

  

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí etí máa ń fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ikú ni. Kì í sì í ṣe ikú arúgbó tí ó jẹ ayé pẹ́, bí kò ṣe ikú tí àrùn tí kò wọ́pọ̀ fà, àrùn tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò kò mọ orúkọ rẹ̀. Ènìyàn jí ní ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ibà ni. Wọ́n gbé e lọ sí èkejì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí wọ́n tó dé ẹ̀kẹta, ó ti jẹ́ ìpè Olúwa rẹ̀. Àwọn ará ilé gbé òkú padà sílé, wọ́n sì gbé ìbéèrè kan padà pẹ̀lú rẹ̀: kí ni ó pa á?

Ọ̀nà tí ìdílé bá gbà dáhùn ìbéèrè yẹn ni àsọyé yìí dá lé. Bí wọ́n bá dáhùn ún dáadáa, ikú ẹnì kan lè di ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò tíì bí. Bí wọ́n bá dáhùn ún bí ó ti máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé, àrùn náà yóò padà wá, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ní ìmúrasílẹ̀.

Ìsìláàmù kò sọ pé kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má sunkún. Ojú Ànábì (S.A.W.) fúnra rẹ̀ da omi nígbà tí Ibrahim, ọmọ rẹ̀ kékeré, kú ní Mẹ̀dínà. Ohun tí ó kọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n máa fa aṣọ ya, kí wọ́n máa gbá ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí ó tako ìpinnu Ọlọ́hun. Sùúrù ni ó pa láṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ sùúrù di ohun mìíràn. Lójú tiwọn, ẹni tí ó bá gbà pé kádàrá ni kò gbọdọ̀ wádìí ohun tí ó fa ikú mọ́. Èyí kì í ṣe sùúrù rárá. Ọ̀lẹ ni wọ́n fi aṣọ ẹ̀sìn bò.

Ní nǹkan bí ọdún 639, Umar ọmọ Khattab, khalifa kejì, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tí ó dé Sargh ni ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó pe àwọn sàábé jọ, wọ́n jíròrò, ó sì pinnu láti yí padà. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Umar fi yé e pé kádàrá ni òun kúrò nínú rẹ̀, kádàrá náà sì ni òun ń lọ bá. Abu Ubaydah padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣáámù, àjàkálẹ̀ àrùn yẹn, tí àwọn òpìtàn ń pè ní ti Amwas, sì pa á. Ẹni ńlá ni àwọn méjèèjì nínú ẹ̀sìn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìgbàgbọ́ Umar nínú kádàrá kéré nítorí pé ó béèrè ohun tí ó wà níwájú kí ó tó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé wa. Ní ilẹ̀ Èkìtì, bí àrùn kò bá ní orúkọ, orúkọ ènìyàn ni wọ́n máa ń fún un. Orogún ni ó ṣe é. Ìyá àgbà tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹni tí wọ́n jọ du ilẹ̀ ni. Wọ́n á gba ilé babaláwo tàbí ti ẹni tí ó fi tẹ̀súbà bojú ṣe iṣẹ́ aríran lọ, wọ́n á san owó, wọ́n á sì gba orúkọ ẹnì kan bọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé nínú ìwé ìròyìn yìí. Ohun tí a kì í sọ tó ni pé ó pa ìwádìí. Ẹni tí ó ti mọ apànìyàn kò ní béèrè ohun tí olóògbé jẹ, ibi tí ó lọ, tàbí ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ ti ṣe rí. Àrùn mú ẹnì kan lọ, ìfura sì tú ìdílé ká, àrùn náà sì jókòó síbi tí ó wà.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ wà ní Ìkàrẹ́-Àkókó. Ẹni tí ó bá gba Ìkọ̀lé kọjá sí Ọ̀mùò ti wà ní ẹnu ààlà ilẹ̀ Àkókó, Ìkàrẹ́ kò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn kan fi ń yọjú ní ìlú yìí àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àkókò òjò, láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò jẹun tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Bí ó bá dìde láti rìn, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mu ọtí yó. Ti àwọn mìíràn le débi pé iyè wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ro ìtìjú tí èyí yóò jẹ́ fún Mùsùlùmí tí kò fi ọtí kan ẹnu rí. Bí òjò bá lọ, àìsàn náà yóò lọ. Bí ọdún bá yí po, yóò tún dé.

Àwọn oníṣègùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ní 1958, David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley ní Iléṣà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Òun ni ẹni tí ìwádìí rẹ̀ lórí ìlera àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́. Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkèmẹ̀sí-Èkìtì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, Òkèmẹ̀sí yìí ni wọ́n sì ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní 1935, dókítà ọpọlọ àti iṣan ara ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó di olóògbé ní 1995. Òun náà kọ̀wé ní 1972 nípa àìsàn ìta-gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ Èkìtì ni, kò sì jìnnà sí ilé kí ó tó rí iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi èyí sọ́kàn.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí ó ń fa àìsàn náà. Ní 1993 ni dókítà ọmọ Nàìjíríà kan, Bọ́lá Adámólẹ́kun, kọ ìwé kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó bi àwọn aláìsàn léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ìdáhùn wọn ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Kòkòrò sányán ni wọ́n jẹ: kòkòrò onírun tí ń ta òwú tí àwọn àgbà fi ń hun aṣọ sányán. Àkókò òjò ni ó máa ń pọ̀ lórí igi. Ní ilé tí kò sí owó ẹran, wọ́n á sè é tàbí kí wọ́n yan án, wọ́n á sì fi jẹ oúnjẹ. (Àwọn onímọ̀ fiqh kò fẹnu kò lórí jíjẹ kòkòrò, yàtọ̀ sí eéṣú tí gbogbo wọn gbà pé ó tọ́. Àwọn ará mádíhábì Màlíkì fàyè gbà á bí wọ́n bá pa á bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ yẹn wò kí ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Kòkòrò náà kò ní oró bí ti ejò. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ara ènìyàn nílò fítámìnì kan tí wọ́n ń pè ní thiamine tàbí B1, kí ó tó lè sọ iṣu, gàrí àti ẹ̀kọ di agbára. Ọpọlọ kò lè ṣe é tì. Ẹni tí ó jẹ́ pé gàrí àti ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó ń jẹ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ìwọ̀nba thiamine tí ó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Nínú kòkòrò sányán ni ohun kan wà tí ń ba thiamine jẹ́. Bí ó bá jẹ kòkòrò náà pẹ̀lú àwo ẹ̀bà ńlá, ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ yóò tán, ọpọlọ yóò sì kígbe. Bí àìtó thiamine bá wọ ọpọlọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì rí ìtọ́jú, ó lè pa ènìyàn.

Ní 1994, Adámólẹ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní thiamine, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ èwo ni èwo títí ìdánwò fi parí. Àwọn tí ó gba thiamine ni ara wọn yá jù. Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀tàn ni èyí. Kì í ṣe ẹ̀tàn bí a bá ti sọ fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà méjì ni, tí ó sì gbà. Àìsàn yìí máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn; bí wọn kò bá fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ bóyá oògùn ni ó wò wọ́n tàbí ọjọ́ tí ó ń lọ? Ní 2000, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan tí Nishimune ṣíwájú wọn wá fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí ń ba thiamine jẹ́ wà nínú kòkòrò náà lóòótọ́, àti pé iná kékeré kò ràn án. Ó gbọ́dọ̀ jinná gidigidi kí ó tó ṣe é jẹ láìsí ewu.

Láti 1958 sí 2000 jẹ́ ọdún 42. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Japan ni ó ṣiṣẹ́ náà. Oògùn tí ó jáde níbẹ̀ kò sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn ní Èkìtì ní B1 lórí pẹpẹ. Kò sí ohun tí ìbá ṣeé ṣe nínú gbogbo rẹ̀ bí àwọn aláìsàn àti ìdílé wọn ní Ìkàrẹ́ kò bá jókòó kí wọ́n dáhùn ìbéèrè. Ká ní wọ́n sọ pé aráyé ni, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà, àìsàn náà ìbá ṣì wà láìlórúkọ.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ni ó rọrùn tó báyìí. Ibà Lassa ń bẹ ní tòsí Èkìtì. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno pè é. Eku ni ó ń gbé e wọ inú ilé àti inú oúnjẹ. Ní ọdọọdún ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú àwọn tí ó mú, a kò sì tíì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí fún ará ìlú. Ìwádìí rẹ̀ ti ná àwọn ènìyàn ní ẹ̀mí wọn. Ní Kenema, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, Dókítà Aniru Conteh ni ó ń darí ẹ̀ka tí ń rí sí ibà Lassa. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ní 2004 abẹ́rẹ́ tí ó fi ń tọ́jú aláìsàn gún un lọ́wọ́, ibà Lassa náà sì pa á ní oṣù kẹrin ọdún yẹn.

Sheik Humarr Khan, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà, Mùsùlùmí, ni ó gba ipò náà. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ó pa ẹni tí ó jókòó lórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀. Ó mọ̀, ó sì jókòó. Nígbà tí Ebola wọ Sierra Leone ní oṣù karùn-ún 2014, yàrá àyẹ̀wò Kenema ni ó kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé ìwádìí Lassa ti fi òye àti irinṣẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Khan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ṣọwọ́ kí wọ́n lè ka àbùdá kòkòrò àrùn náà, wọ́n sì tú ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ fún gbogbo onímọ̀ ayé láìgba kọ́bọ̀. Khan kú ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2014. Ọmọ ọdún 39 ni. Nígbà tí ìwé ìròyìn Science tẹ iṣẹ́ náà jáde ní òpin oṣù kẹjọ, Ebola ti pa márùn-ún nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n.

Ní oṣù keje yẹn kan náà ni arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn láti wọ ìgboro, àrùn náà sì pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì tán níbẹ̀. Àwọn ẹbí Dókítà Adadevoh dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní DRASA sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, kí ó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí a ti ń dènà àrùn tí ń ràn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni tiwọn ju ìwádìí lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ọ̀fọ̀ wọn ṣe.

Ti ilẹ̀ Guinea tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2015, bí Ebola bá mú ẹnì kan, àwọn olùwádìí á wá àwọn ẹbí rẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ àti àwọn tí ó fara kàn án, wọ́n á sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí wọ́n ń dán wò. Àwọn kan gbà á lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣì wà nínú ìbẹ̀rù, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú ọ̀fọ̀, nígbà tí wọ́n na apá wọn sílẹ̀. Nínú àwọn tí ó gbà á lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí Ebola mú mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ní 2019 ni ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yẹn.

Àwọn kan yóò gbọ́ èyí, wọn yóò sì rántí Kano. Ó tọ́ kí wọ́n rántí rẹ̀. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Nǹkan bí 200 ọmọ ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba oògùn tuntun, ìdajì gba èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, 11 sì kú. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe àìtọ́, ṣùgbọ́n ní 2009 ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí ẹjọ́ pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là. Kí ẹjọ́ náà tó parí, ìfura ti wọ inú ìlú. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé ní 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní àríwá dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, rọpárọsẹ̀ sì tàn ká lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ni ó jìyà ẹ̀ẹ̀mejì: ti ìdánwò tí àwọn òbí wọn ní a kò ṣàlàyé fún wọn, àti ti àjẹsára tí a kò jẹ́ kí wọ́n gbà.

Nítorí náà, àtìlẹ́yìn fún ìwádìí kò túmọ̀ sí kí Mùsùlùmí di ojú. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera wà ní Nàìjíríà, ó sì gbé ìlànà jáde ní 2007. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 pẹ̀lú sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀ tí ó sì fọwọ́ sí i. Kí ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé wá bá béèrè ìgbìmọ̀ tí ó fọwọ́ sí ìwádìí náà. Kí ó béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ohun tí wọn yóò ṣe bí ara rẹ̀ bá le koko, àti bóyá ó lè jáde kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá, kódà ní ẹ̀ka èdè Èkìtì bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó. Olùwádìí tí kò bá lè dáhùn wọ̀nyí, kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ sìn ín jáde.

Ọ̀rọ̀ yíya òkú láti mọ ohun tí ó pa á ló nira jù fún àwọn àáfà, ó sì yẹ kí ó nira, nítorí pé ọ̀wọ̀ òkú Mùsùlùmí kò yàtọ̀ sí ti alààyè. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ onímọ̀ fiqh ní Makkah jíròrò rẹ̀ ní 1987, wọ́n sì fàyè gbà á níbi tí ó bá pọn dandan: bí ẹjọ́ ìpànìyàn bá wà, tàbí kí á lè mọ àrùn tí ń pa ènìyàn, pẹ̀lú àwọn ìlànà tí ń dáàbò bo iyì òkú. Ìpọndandan ni wọ́n sọ, wọn kò ní kí ó di àṣà. Níbi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara díẹ̀ bá tó, kò sí ìdí láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku owó. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ní ilẹ̀ Èkìtì. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ti ogójì ọjọ́, màlúù, àgbò, aṣọ ẹbí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Àwọn ọmọ yóò yá owó láti ṣe é, wọn yóò sì máa san gbèsè fún ọdún méjì. Ohun tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè olóògbé, kí wọ́n mú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ tí kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí wọ́n sì pín ìyókù fún àwọn ajogún. Ìpín ọmọ òrukàn kò ṣeé fi ṣe fìdáù, kò sì ṣeé fi ṣe sàráà fún ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé àrùn kan wà lára òun lè kọ ọ́ sínú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n fi apá kan nínú ìdá yẹn ran àwọn tí ń wádìí àrùn náà lọ́wọ́. Ajogún tí ó ti bàlágà sì lè yọ ọ́ láti inú ìpín ara rẹ̀. Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé ìmọ̀ tí ń ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní wà lára ohun tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dúró fún òkú. Ewo nínú màlúù ọjọ́ kẹjọ ni ó rí bẹ́ẹ̀?

Ohun tuntun kọ́ ni èyí láàrin àwọn Mùsùlùmí. Ní 1284 ni Sultan Qalawun parí ilé ìwòsàn Mansuri ní Cairo, owó wákáfù ni ó sì ń gbé e ró. Ibn al-Nafis, dókítà tí ó tún jẹ́ onímọ̀ fiqh ti mádíhábì Sháfíì, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, kú ní 1288. Ilé rẹ̀ àti gbogbo ìwé rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn yẹn.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ láìní kọ́bọ̀. Kí wọ́n ra ìwé kékeré kan. Bí àìsàn tí kò yé ènìyàn bá mú ẹnì kan nínú ìjọ, kí ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé lọ jókòó ti àwọn ará ilé, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ó kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti kọ́kọ́ dùn ún, ibi tí ó ti rìnrìn-àjò dé, oògùn tí wọ́n ti lò, pẹ̀lú àgbo, àti bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnìkan rí nínú ẹbí. Ìwé náà kì í ṣe ohun tí a ń kà fún ará ọjà. Àṣírí aláìsàn ni. Kí wọ́n tètè mú un pẹ̀lú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n sì fi lé dókítà lọ́wọ́. Bí ẹni náà bá kú, kí wọ́n má ju ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ nù pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Bí dókítà bá sì wá sílé lẹ́yìn ìsìnkú láti béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n fún un ní àga, kí wọ́n pe ìyá tí ó se oúnjẹ ìkẹyìn tí olóògbé jẹ, kí ó sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò.